Orúkọ Ìyá Mi Nínú Ìwé Ìjọba

Kí n tó kúrò nílé, kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá ìyá mi ni ìyá mi. Ní Òmù-Àrán, ìlú wa, bí mo bá ń lọ lójú pópó, àgbàlagbà tí mi ò mọ̀ rí á dá mi dúró, á wò mí títí, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, pẹ̀lú iwájú orí yìí, ọmọ Ìyá Òwu ni ẹ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò bèèrè fọ́ọ̀mù, kò bèèrè fọ́tò pélébé méjì. Iwájú orí mi tó yọ síta yìí, tí mo ti ń fi gèlè bò láti kékeré, òun ni sáìtífíkéètì ìbí mi.

Wínípẹ́ẹ̀gì, níbi tí mò ń gbé ní Kánádà báyìí, wọn ò mọ iwájú orí ẹnì kankan. Òtútù ni gbogbo èèyàn fi dẹ́rù bà mí kí n tó wá, òtútù sì wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ló kọ́kọ́ mú mi gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò wa láti gba káàdì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé àdúgbò náà ni mò ń gbé wá. Mo ní, "Èmi nìyí, mo fẹsẹ̀ rìn wá ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti wá mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa báyìí. Wọ́n máa ń rín in ní báǹkì, wọ́n máa ń rín in ní ilé ìwòsàn, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé kí o lọ mú ìwé wá.

Tíṣà ni mí nílé. Ogójì ọmọ ló máa ń dìde kí mi láàárọ̀. Iṣẹ́ tí mo rí níbí ni ti ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fọwọ́ júwe fún ara wa. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà, èyí tí wọ́n ran rọ́bà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Kò ṣeé ká. Bí o bá di igun méjì mú, ìkẹta á sá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá a jìjàkadì bí ẹni tó fẹ́ so ewúrẹ́ aládùúgbò mọ́lẹ̀. Manjit ló gbà mí sílẹ̀, obìnrin ará Púnjábù ní Íńdíà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ti igun kan bọ inú èkejì. Lọ́jọ́ tí mo dá ká a tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, mo gbé e lọ fi han ọ̀gá wa. Ó ní ó dáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bá lọ pe ìyá mi lórí fóònù, kí n ṣáà rí ẹni bá mi yọ̀.

"Aṣọ lo ká, lo fi ń pè mí?" ni ìyá mi wí. "Ṣé o kì í káṣọ nílé ni?"

"Màámi, onírọ́bà ni."

"Onírọ́bà. Kú iṣẹ́ o. Ṣé o ti jẹun?"

Báyìí là ń ṣe é. Ọkọ mi ń wa tírélà. Ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ méjìlá, láti etí òkun kan dé èkejì, nítorí náà èmi àti fóònù la jọ ń gbélé. Màá gbé ìyá mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, màá máa ro ọbẹ̀, òun náà á máa ṣe tirẹ̀ níbẹ̀, a ò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ìgbà kan wà tí n kò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan ju adìẹ ilé wa lọ. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí fóònù ò lè ṣe. Ní ọdún kìíní tí a dé, mo lóyún, oyún náà sì bọ́. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà níbi tí yìnyín ti dí títì pa, ó ń sunkún nínú tírélà, èmi náà ń sunkún nínú balùwẹ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi títí oṣù kan fi kọjá, torí mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mi ò ní lè dúró. Nígbà tí mo tún wá lóyún ní ọdún kẹta, tó pé oṣù mẹ́rin tí kò sì ṣe mí ní nǹkan kan, mo mọ ohun tí mo ń fẹ́ láyé yìí. Mo fẹ́ kí ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn, mi ò sì fẹ́ fóònù.

A kọ fọ́ọ̀mù físà. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ dáhùn, wọ́n ní kí a mú ìwé ìbí mi wá, èyí tí orúkọ ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ìwé tí mo ní ò ju ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí bàbá mi ṣe fún mi ní kóòtù nígbà tí mo fẹ́ wọ iléèwé girama lọ, orúkọ òun nìkan ló sì wà níbẹ̀, bí ẹni pé òun ló dá mi bí. Wọ́n ní ìyẹn ò tó. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wá láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti ìjọba fúnra rẹ̀, tàbí kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tó máa gba oṣù púpọ̀. Oyún kì í sì í dúró de ẹnì kankan.

Mo pe ìyá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ẹ̀rín sì sọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí n fi hàn pé èmi ni mo bí ọ? Èmi tí mo fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ?"

"Wọ́n ní wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò."

"Èyí tí mo dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ò tó wọn ni? Sọ fún wọn pé ó ti tán."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Tíṣà àgbà ni ní Agbamu, èèyàn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, ó sì dá a lójú pé ìwé ìjọba kì í sọnù. Ó kọ lẹ́tà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní Òmù-Àrán. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó padà lọ. Wọ́n ní òjò ti ya wọ yàrá ìwé lọ́jọ́sí, wọ́n sì ti kó àwọn ìwé àtijọ́ lọ sí Ìlọrin. Ó gba Ìlọrin lọ. Ní Ìlọrin, wọ́n ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ síbi ìsìnkú. Lójoojúmọ́ ló ń pè mí láti sọ ibi tí nǹkan dé, bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin tó lọ, ó bọ́ sọ́wọ́ Àlájà kan, obìnrin ará Ìlọrin tó jókòó sáàárín ìwé ràgàjì ràgàjì, tó fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Àlájà yìí ò fi í ṣeré. Ó bi í ní ọdún, ó bi í ní oṣù, ó bi í ní orúkọ ibi ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi rí bákan.

"A ti rí ọ."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi! Ọlọ́run ṣeun!"

"Má tíì dúpẹ́. Orúkọ rẹ pé. Ọjọ́ ìbí rẹ pé. Orúkọ bàbá: Agùntáṣọọ́lò."

"Kí lẹ wí?"

"Orúkọ ìyá: Ìyá Òwu." Mo gbọ́ tí Àlájà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Nínú ìwé ìjọba Nàìjíríà, àbúrò mi, Agùntáṣọọ́lò àti Ìyá Òwu ló bí ọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ẹrù aṣọ tí a ò tíì fọ̀, ohun tí òfin ilé iṣẹ́ wa kọ̀ pátápátá. Mo ti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà kó tó sọ fún mi.

Ìyá Èsìẹ́ ni. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni, láti Èsìẹ́ ló ti wá sílé ọkọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo agbo-ilé fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló ti wọlé nígbà tí wọ́n bí mi. Ìyá mi ṣì wà lórí ẹní, bàbá mi wà lóko, òun ni wọ́n wá gbé mi fún pé kó gbé mi lọ gba abẹ́rẹ́. Akọ̀wé tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, àjèjì ni, ó sì ń kánjú. Ó bi í ní orúkọ bàbá ọmọ. Ìyàwó tuntun wo ló máa ya ẹnu pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ìnagijẹ tí òun fúnra rẹ̀ sọ bàbá mi ló pè, torí bàbá mi ga débi pé aṣọ tó bá wọ̀ á bá a mu rẹ́gí. Akọ̀wé bi í ní orúkọ ìyá ọmọ. Ìyálé rẹ̀ nìyẹn. Òwu-Ìsin ni ìyá mi ti wá, ohun tí gbogbo ilé ń pè é náà ló sọ. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́, ó ní kó tẹ ìka, ó sì ké sí ẹni tó kàn.

A ti rò pé ẹ̀rín lásán ló máa jẹ́. Àlájà ní ti bàbá ò le, ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ wà, òun á fi tún un ṣe. Ti ìyá ni ìṣòro. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé Ìyá Òwu mélòó ló wà nínú agbo-ilé wa nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í purọ́, ní mẹ́ta.

Mẹ́ta ni lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wa fẹ́ràn obìnrin Òwu-Ìsin. Ọ̀kan ti kú, ìyá mi wà, èyí tó kù sì ń gbé ní yàrá kejì sí ti ìyá mi. Nígbà tí ìyẹn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n má da ara mi láàmú, pé òun náà lè máa bọ̀ ní Kánádà, ṣebí Ìyá Òwu lòun náà, àpótí òun sì ti wà nílẹ̀.

Àlájà wá ní òun ò lè yan nínú mẹ́ta. Ìyá mi ò lè wá fúnra rẹ̀ wí pé òun ni, torí ta ni kò ní wí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ ọ́, ọmọdé ni nígbà náà. "Ẹni tó tẹ̀ka síbí," ló wí, ó ń fi gègé tọ́ka sí i, "ṣé ó wà láyé? Òun ni kó wá búra, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ obìnrin náà ní pípé. Mi ò ní fi orúkọ sí i lẹ́nu. Bó bá ti pè é, ó parí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn ò le. Ọkùnrin ni, kò mọ̀.

Ìyá Èsìẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbé fóònù fún un, mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi ní Wínípẹ́ẹ̀gì, mo ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "bó bá jẹ́ kí n rù ọ́ láti ibí dé Kánádà ni, màá rù ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ pọ̀n ọ́ jáde nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n ìyálé mi! Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Kódà mi ò pè é nínú àdúrà. 'Ìyá Òwu' ni mo máa ń wí fún Ọlọ́run, Ọlọ́run sì mọ ẹni tí mò ń wí."

"Ọlọ́run mọ̀, Ìyá Èsìẹ́. Ìjọba ò mọ̀."

"Kí ìjọba lọ bi Ọlọ́run nígbà náà."

Mi ò lè bínú sí i, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ọ̀gá wa ìdí tí mo fi ń fẹ́ ọjọ́ ìsinmi tí ojú mi sì pọ́n. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó wá bi mí pé kí ló dé tí màmá náà ò kàn pe orúkọ náà. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yé e. Òun gan-an, ọmọ ogún ọdún tó ń gbálẹ̀ ń fi orúkọ pè é, ó sì ń dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo jìnnà sílé. Kì í ṣe pé wọ́n burú níbí, inú rere pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ o lè wà láàárín èèyàn tó ń ṣàánú rẹ, kí ohun tó ń dùn ọ́ máà ní orúkọ lédè wọn.

Manjit ló yé. N kò tíì sọ ọ́ débì kan tó fi ṣíwọ́ aṣọ kíká. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ló wí, "ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, ńṣe ni mo máa ń gbé e sókè kí ọmọ mi wá ka orúkọ tó wà lára rẹ̀." Mo dì mọ́ ọn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wa, a sì gba ìbáwí lọ́jọ́ náà.

Oyún mi ti wọ oṣù keje báyìí. Ọkọ mi ní òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ní kí la máa wá jẹ? Ní alẹ́, bí ọmọ bá dákẹ́ díẹ̀ nínú mi, ẹ̀rù á bà mí, màá dìde màá jókòó, màá máa retí kó tún ta. Mo sọ èyí fún ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ kí ó lè ṣe nǹkan kan, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó ní kí n sùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ fún mi, ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Èsìẹ́, ó sì ní, "Dìde, à ń lọ sí Ìlọrin." Kò ṣàlàyé. Bí ìyálé ẹni bá ní kí á dìde, à á dìde.

Mo mọ gbogbo ohun tó kù nítorí pé mo wà níbẹ̀, nínú fóònù. Ọ̀sán ni nílé, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Èmi àti Manjit wà ní yàrá tí a ti ń jẹun, a gbé fóònù gbára lé ìgò omi; ẹ̀gbọ́n mi, tó bá wọn lọ, gbé tirẹ̀ sórí tábìlì Àlájà. Mo rí Àlájà tó fi aṣọ bo imú. Mo rí Bíbélì lórí tábìlì. Mo rí Ìyá Èsìẹ́ tó jókòó ṣinṣin, tó di ẹnu, bí ère òkúta ìlú rẹ̀.

Ó búra tán. Àlájà ní, "Màmá, ọmọ tí ẹ gbé lọ gba abẹ́rẹ́ yìí, kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

"Ìyálé mi ni."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Òun ló jókòó síbí yìí, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i, Màmá. Ìwé ò lójú."

"Òun ló gba ẹbí àkọ́bí mi. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ wá, kò sí ọkọ̀, òjò ń rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi yí i. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọdún kan gbáko ló fi ń sùn ní yàrá mi, kí n má baà dá sùn. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀."

Àlájà gbé gègé kalẹ̀. Ó fa aṣọ tó fi bo imú sílẹ̀, mo sì rí i pé ìyàwó ilé ẹnì kan lòun náà. "Súbúhánalláhì," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Màmá, bó bá jẹ́ tèmi ni, màá kọ gbogbo rẹ̀. Àyè tí wọ́n fún mi kò ju ìlà kan lọ."

Ọwọ́ mi wà lórí ikùn mi. Ìyá mi wá yíjú sí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ yìí ń dá jókòó lóru," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà á. Mo fẹ́ lọ bá a. Mo yọ̀ǹda fún ọ níwájú Ọlọ́run, kò sí ẹni tó máa bi ọ́. Pè mí."

Ìyá Èsìẹ́ dìde lórí àga. Ó kúnlẹ̀, àgbà tí orúnkún ń dùn. "Akọ̀wé," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ìnagijẹ tó fún un láti kékeré nìyẹn, "ẹ jáde síta." Ẹ̀gbọ́n mi jáde. "Kí ẹni inú fóònù náà kẹ̀yìn síbí."

Mo kẹ̀yìn. Manjit tí kò gbọ́ Yorùbá wo ojú mi, òun náà sì kẹ̀yìn. Àwa méjèèjì kọjú sí ògiri ní Wínípẹ́ẹ̀gì.

Ìyá Èsìẹ́ pe ìyá mi. Ó pe orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkómọ, ó pe ti ìsàmì, ó pe ti bàbá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ketekete. Mi ò ní kọ wọ́n síbí, ọmọ rẹ̀ ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìwé ní Ìlọrin.

"Màá!"

Ìyá mi ló dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí ọmọdébìnrin tí ìyá rẹ̀ ké sí láti ẹ̀yìnkùlé ló ṣe dáhùn, kí ó tó mọ̀ pé òun ti lanu. Mo rò ó wò lójú ẹsẹ̀: ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Kò sí ẹni tó kù láyé tó lè pè é lórúkọ. Ó ti jẹ́ Ìyá Òwu pẹ́ débi pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ ò ronú rí pé ó ní ohun mìíràn tó ń jẹ́. Mo fi orí ti ògiri, mo sunkún, Manjit sì ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn láìmọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí.

Mo gbọ́ tí gègé Àlájà ń ha ìwé. Mo gbọ́ tí Ìyá Èsìẹ́ ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Tún pè mí," ló wí.

Ìwé náà tó wọn, wọ́n fún ìyá mi ní físà, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì kù kí n bímọ nígbà tó dé. Obìnrin ni ọmọ náà, ara rẹ̀ le, ariwo rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ilé ìfọṣọ lọ. Ìyá mi ń wẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń na ọwọ́ rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bá a jà pé kó fara balẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo mú tówẹ̀lì dání tí mò ń wò wọ́n, mo bi í bóyá Ìyá Èsìẹ́ ṣì ń pè é lórúkọ, àbí lọ́jọ́ yẹn nìkan ni.

"Kò jẹ́ pè é lójú èèyàn," ló wí, ó ń bu omi sí ọmọ láyà. "Ìyá Òwu náà ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n kí n tó máa bọ̀, bí àwa méjèèjì bá jókòó lẹ́yìnkùlé tí à ń bó ẹ̀gúsí, tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, á wẹ̀yìn wò, á wá pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Ṣé ẹ máa ń dá a lóhùn?"

"Mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́," ni ìyá mi wí, "kó lè pè é lẹ́ẹ̀kejì."